Àdúrà Tí Màámi Fi Ránṣẹ́

Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Ṣìkẹ́mi, ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Alágbàká ni kí ó máa ṣọ́ àwọn tó ń pín ọ̀rọ̀ ìwọ́de kiri lórí Wasáàpù. Èmi tí a jọ ń gbé nìkan ló mọ irú iṣẹ́ náà.

Lánàá, ó rí nọ́ńbà Màámi láàárín àwọn tó ń pín in jù ní Oǹdó. Màámi kì í lọ sí ìwọ́de. Ohun tó bá ti bà wọ́n lẹ́rù ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ìyá ìjọ, wọn á sì fi àdúrà sí ìdí rẹ̀.

Àǹtí pè wọ́n. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pín in mọ́.”

“Ṣé kí n dákẹ́, kí ọmọ ọlọ́mọ kó sí wàhálà?”

“Wọ́n ń ṣọ́ yín ni, Màámi!”

“Yéè! Ó ti yé mi.”

Ọkàn wa balẹ̀ díẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ Màámi tún fi wọlé sórí fóònù ọ́fíìsì tí Àǹtí fi ń ṣọ́ àwọn èèyàn: “Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbàdúrà o. Ṣìkẹ́mi ọmọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Alágbàká, sọ pé wọ́n ń ṣọ́ wa. Ẹ pín in.”

Fóònù náà dún lọ́wọ́ Àǹtí. Ọ̀gá rẹ̀ ni. Kò gbé e. Ó dún tán, ó tún bẹ̀rẹ̀.