Ẹnu Tí Ẹ̀ṣẹ́ Kò Kàn

Ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ tọ́ wò lẹ́nu nígbà tí mo lajú ní ilé ìwòsàn kan ní Ìkàrẹ́. Ahọ́n mi ti wú, ó kún ẹnu bámú, n kò lè sọ̀rọ̀. Oyún mi àkọ́kọ́ ni. Ẹsẹ̀ àti ojú mi ti ń wú tẹ́lẹ̀, orí ń fọ́ mi, wọ́n ní oyún ọkùnrin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi olùkọ́, mo gbà wọ́n gbọ́, mo tilẹ̀ ti yan orúkọ fún un.

Ilé wa ní Ọ̀kà ni gìrì aboyún ti gbé mi ṣánlẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló wà lọ́dọ̀ mi. Ọkọ mi ń bẹ lóko. Òun ló sáré dé, tó gbé mi lọ sí Ìkàrẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀gá ilé-ìwé ní Arigidi, rí ahọ́n mi àti eyín iwájú mi tó kán. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

“Mo ti mọ̀ pé ọwọ́ ọkùnrin yẹn yá ju ẹnu rẹ̀ lọ.”

Ó kó ọlọ́pàá wá, wọ́n mú ọkọ mi lọ. Mo ń mi orí pé rárá, wọ́n ní ìrora ni. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dúró níbẹ̀, ó ń tún gèlè wé.

Nígbà tó yá, dókítà tan iná sí mi lẹ́nu.

“Ọ̀gá tíṣà, ẹ sún mọ́bí. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, lọ́tùn-ún lósì. Eyín ara rẹ̀ ló gé e. Ètè lóde kò bó. Àìsàn yìí ló wú u lójú. Ẹ̀ṣẹ́ wo ló ń fo awọ kó tó dé ahọ́n? Eyín tó kán yìí ni kò yé mi. Ta ló ki irin bọ̀ ọ́ lẹ́nu?”

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wolẹ̀. “Èmi ni, sà. Ṣíbí ni. Bí a ti ń ṣe fún ọmọ tí gìrì bá mú nìyẹn. Mo rò pé á gbé ahọ́n mì ni.”

Àwọn àgbà ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan kó tó dá tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tú ọkọ mi sílẹ̀, ètè rẹ̀ òkè ti là, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúdú, eyín rẹ̀ iwájú ti lọ. Bí ẹnu tí a lù ṣe ń rí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi wo bàtà ara rẹ̀, ó ní, “Ìwádìí ni wọ́n ń ṣe.”

Ọmọ wa yè. Obìnrin ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ti di arúgbó báyìí, àìsàn ti dè é mọ́lẹ̀. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ ń wá bẹ̀ mí pé kí n dárí jì í kó tó lọ. Mo ń fún wọn ní àga, mo ń fún wọn lómi mu. Ọkọ mi fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín títí ó fi kú, ẹnikẹ́ni kò sì wá bẹ òun.