Ìjà Tí Màmá Ẹ̀gbẹ́ Kejì Kò Jẹ́ Ká Parí

Màmá Ẹ̀gbẹ́ Kejì là ń pe olórí àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù wa, torí ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ bó bá wọlé ni, "Ó yá, ẹ̀gbẹ́ kejì." Obìnrin kúkúrú tó ki pọ́pọ́ ni. Ó ti ń gbé aláìsàn láti ìgbà tí kò tíì lọ́kọ, ẹ̀yìn kò sì dùn ún rí. Ó ní orúnkún lòun fi ń gbé èèyàn, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ mi tó kán ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà sì ni ibùsùn mi wà, nítorí náà kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí ojú mi ò tó.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kì í náni lówó. Kó tó fọwọ́ kan aláìsàn, á ki ọwọ́ méjèèjì sí abíyá títí wọ́n á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kì í béèrè pé, "Ṣé ká yí yín padà?" torí ó mọ̀ pé wọ́n á ní rárá. "Apá ọ̀tún ni àbí apá òsì?" ló máa ń béèrè, aláìsàn á sì yan ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ọkọ rẹ̀ wá kí i níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Màmá bi í bóyá abọ́ ni yóò fọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà àbí aṣọ. Ọkùnrin náà mú abọ́, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun bọ́ lọ́wọ́ aṣọ.

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni ọgbọ́n yìí kò ràn. Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti gba okun rẹ̀, kò lè dá ara rẹ̀ yí. Ògiri ló wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Lápá òsì, télọ̀ kan tóun náà ń gbàtọ́jú ló wà lórí ibùsùn tó tẹ̀lé e, ẹni tó rán ṣòkòtò tí Tíṣà wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ìdágbére fún un nílé ìwé. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gba ẹ̀bùn, ṣòkòtò là, kíláàsì kìíní pátá ló sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

"Mi ò ní kọjú sí ẹni yẹn láéláé," ni Tíṣà wí. Bí wíwo ògiri bá sú u, á ní kí wọ́n dá òun dùbúlẹ̀ gbalaja, kí òun máa wo àjà.

Nọ́ọ̀sì tuntun kan bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí wọ́n yí i sápá òsì. Tíṣà ní, "Ẹ̀yìn mi ni."

Màmá ní, "Ẹ̀yìn yín ni lóòótọ́, àmọ́ bó bá degbò, èmi ni màá máa fọ̀ ọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá pe nọ́ọ̀sì tuntun sídìí ibùsùn náà. "Lórí awọ dúdú, ojú nìkan ò tó. Fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, níbi eegun ìdí yìí. Báwo ló ṣe rí lọ́wọ́ ẹ?"

"Ó gbóná ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, Mà. Ó sì le díẹ̀."

"Egbò ló ń kanlẹ̀kùn yẹn. Bó bá fi lè wọlé, lílé e jáde á pẹ́, bàbá yìí ò sì ní okun tó máa fi dúró dè é."

Nọ́ọ̀sì tuntun náà yí sí télọ̀, ó sọ sí i létí pé bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́, kó jọ̀ọ́ kó bẹ bàbá.

"Kí n bẹ̀ ẹ́ ké?" ni télọ̀ wí. "Ó sanra láàárín ìgbà tí mo wọ̀n ọ́n àti ìgbà tó wọ ṣòkòtò ni."

Màmá fa ọmọ náà lápá. "Ta ló rán ẹ níṣẹ́?" Òun fúnra rẹ̀ wá jókòó ti Tíṣà. "Bàbá, nígbà tí ẹ ń kọ́ni, bí ẹ bá fẹ́ bá ọmọ wí, ṣé ògiri lẹ máa ń kọjú sí?"

Tíṣà ṣì tẹjú mọ́ ògiri.

"Torí ọkùnrin yìí ní ẹ sanra ni," ni Màmá wí.

"Ẹ yí mi sọ́dọ̀ rẹ̀," ni Tíṣà wí.

Wọ́n ká orúnkún rẹ̀, wọ́n dì í mú léjìká àti ní ìbàdí, wọ́n jọ fà á yí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fi ìrọ̀rí kan sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan sáàárín orúnkún. Wọn ò tíì tọ́ aṣọ tán tó fi bẹ̀rẹ̀: "Ìwọ yìí, abẹ́rẹ́ tó o fi rán ṣòkòtò yẹn, ṣé ó lójú? Ìwọ tó rán an ńkọ́?" Ó sọ títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, ó sì mu omi tí wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́ láti àná pé kó mu. Nígbà tí télọ̀ fẹ́ fèsì, Tíṣà ní, "Ẹ yí mi padà. Mi ò fẹ́ gbọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di iṣẹ́. Á kọjú sí télọ̀ láti bú u, á kọjú sí ògiri kó má baà gbọ́ èsì. Bó bá ti pẹ́ díẹ̀ lápá ògiri, á ní, "Ẹ yí mi, mo ti rántí òmíràn."

"Mà, ṣé ẹ ò ní bá wọn parí ẹ̀ ni?" ni nọ́ọ̀sì tuntun béèrè.

"Kí ẹ̀yìn kọ́kọ́ tutù ná."

Lọ́jọ́ kan télọ̀ mí kanlẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ní ti òwú yẹn..." Kó tó sọ̀rọ̀ débì kan, Màmá ti ki tẹmómítà sí i lẹ́nu. Ó sì pẹ́ kó tó yọ ọ́.

Nígbà tó yá, ọmọ náà tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibẹ̀. "Ó ti tutù, Mà. Ó sì ti rọ̀."

Màmá fi ọwọ́ tirẹ̀ kàn án. Ó yíjú sí télọ̀. "Ẹ lè sọ ọ́ báyìí."

"Òwú yẹn ò dáa," ni télọ̀ wí. "Mo mọ̀ kí n tó lò ó. Ẹ má bínú, bàbá."

"Mo ti gbọ́," ni Tíṣà wí.

"Àmọ́ ẹ sanra."

Tíṣà na ọwọ́, ó di irin ibùsùn mú. Nọ́ọ̀sì tuntun fẹ́ sáré lọ ràn án lọ́wọ́, Màmá fi apá dá a dúró. Bàbá náà fà, ó sinmi, ó tún fà, títí ó fi dá ara rẹ̀ yí kọjú sí ògiri, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Màmá rọra fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn.