Ààbọ̀ Orí Fìyìnfólúwa

“Auntie, báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tí irun tó kàn máa wà?”

Fìyìnfólúwa ló bi Tinúkẹ́ onídìrí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, níbi tó jókòó sí láàárín orúnkún rẹ̀, nínú fúláàtì tó kọjú sí adágún Southmere. Ó ti pé ọdún méjìlélógún tí Tinúkẹ́ ti ń dirun ní Thamesmead, nílùú òyìnbó, ẹnikẹ́ni ò bi í nírú rẹ̀ rí. Èyí tí wọ́n máa ń bi í ni pé, “Ṣé ó ti kù díẹ̀?”

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

Ọmọ náà gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sókè. Ìṣirò ló ń kọ́ ní yunifásítì. Ó fẹ́ fi ìṣirò mọ bí òdòdó sọ́nfiláwà ṣe ń to èso sí àárín ara rẹ̀. Ọ̀la ló máa dúró níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ láti ṣàlàyé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán tó wà lójú láptọ́ọ̀pù, èso tò sórí ìlà mẹ́rin gbọọrọ, àárín wọn ṣófo.

“Èyí kì í ṣe òdòdó,” ni Tinúkẹ́ wí. “Fáànù àjà nìyí.”

“Auntie, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jàre! Mo ní kí èso kọ̀ọ̀kan fi ìdámẹ́rin òbìrìkìtì jìnnà sí èyí tó ṣáájú ẹ̀.”

“Ìwọ lo ń yan ibi tí wọ́n máa dúró. Èmi kì í yàn. Mo máa ń wo àwọn tí mo dì kẹ́yìn ni. Ibi tí wọ́n bá ti fi àyè sílẹ̀ jù, ibẹ̀ ni èyí tó kàn ń bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí awọ orí kì í fi í hàn.”

Fìyìnfólúwa tún wo ìlà mẹ́rin náà. Àfi fìrì tó dìde! “Ibi tó láyè jù!” Ó gbá láptọ́ọ̀pù mú, ó dọ̀nà ìta. Tinúkẹ́ ti di apá òsì orí rẹ̀, apá ọ̀tún rí wúruwùru, ìyàrun ṣì há sí i.

“Padà wá! Ẹnikẹ́ni kì í fi ààbọ̀ orí jáde nílé mi!”

“Mò ń bọ̀, Auntie!”

Kò dé. Tinúkẹ́ ká irun àtọwọ́dá tó kù sórí àga, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Ní Woolwich tó wà nítòsí, ṣé wọn ò ní béèrè pé ta ló di irú irun yẹn?

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Fìyìnfólúwa yọjú, ó dé fìlà. Ó gbé láptọ́ọ̀pù tí òdòdó náà wà lójú rẹ̀ síwájú Tinúkẹ́. Èso yí po lọ́tùn-ún lósì, kò sí àyè òfo kan.

“Wọ́n gbà á?” ni Tinúkẹ́ bi í.

“Wọ́n gbà á! Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ bi mí pé ìwé wo ni mo ti rí i. Mo bá ṣí fìlà, mo fi irun tẹ́ ẹ dì hàn án.”

Tinúkẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó wo òdòdó náà pẹ́, ó fọwọ́ tọ ipa èso láti àárín dé etí. Lẹ́yìn náà ó kó irun kúrò lórí àga.

“Jókòó. Mo jẹ ọ́ ní ààbọ̀ orí.”

Kí agogo márùn-ún tó lù, ó ti san án pé.