Ogún Ó Dín Ẹ̀ta

Ọ̀rọ̀ náà há sí mi lẹ́nu. Ètè mi pàdé, wọ́n kọ̀, wọn ò ṣí. Orí ẹní la jókòó sí níwájú ilé Ìyá, òórùn gàrí tí wọ́n ń yan lẹ́yìnkùlé ń fẹ́ bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kóró agbálùmọ̀ wà nílẹ̀ níwájú mi, wọ́n ń dán. Mo ti mọ iye wọn kí Ìyá tó béèrè. Ṣùgbọ́n "mẹ́" ló bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn náà, "mẹ́" gan-an sì ni kì í jáde lẹ́nu mi.

Akólòlò ni mí. Olùkọ́ ilé ìwé wa ti sọ fún bàbá mi pé ọmọ tí kò lè dáhùn ìbéèrè, ìwé ò lè yé e. Bàbá mi sì ti pinnu láti gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá tó bí wọn ní oko. "Nídìí ààrò gàrí," ni wọ́n wí, "ẹnikẹ́ni ò ní bi í ní nǹkan kan." Ìyá ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá gbọ́ mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Bàbá mi dúró ti òpó, fìlà wọn wà lọ́wọ́ wọn.

Ìyá Oníṣirò ni gbogbo abúlé wa ní Lágelú ń pè wọ́n. Ìṣirò ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì sílé bàbá wọn. Àwọn àlejò tó ń fi mọ́tò wá kí wọn máa ń pè wọ́n ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ pé Ìyá bá àwọn aláṣẹ fà á títí wọ́n fi gba afọ́jú àti odi láyè láti kọ́ ìṣirò. Àwa mọ Ìyá sí ẹni tí ṣọ́ọ̀kì máa ń wà létí ìró wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá wù kó wá: ìyàwó ilé tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tó ń fọwọ́ tẹ kóró kọ̀ọ̀kan kó tó tò ó. Ìyá kì í ka iye àwa tó wá. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni, "Ta ni ò sí níbí?" Bí a bá dárúkọ ẹnì kan, wọ́n á ní ká lọ pè é.

Ètè mi ò tíì ṣí.

"Màmá, ẹ jẹ́ n bá a gbé e," ni ọmọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà wí. "Ẹrù yẹn ti wúwo jù fún un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ni. Ẹ dúró dè é."

Bàbá mi ń wo ilẹ̀. Èyí ló dùn mí jù. Mo bá wá ọ̀nà mìíràn gbà.

"Ogún," ni mo wí. "Ogún ó dín ẹ̀ta."

Ẹ̀rín bú. Ọmọ káfíńtà lu itan rẹ̀. "Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé!"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni bàbá mi wí. "Ó ti tó. Ẹ jẹ́ n máa mú un lọ sílé."

"Ẹ má tíì lọ, bàbá ọmọ." Ìyá yíjú sí ọmọ káfíńtà. "Ìwọ tó o gba iwájú ilé wọlé, pè é fún wa."

"Mẹ́tàdínlógún, mà."

"Kí ni 'dín' ń wá nínú ẹ̀?"

Ó họ orí. "Bí wọ́n ṣe ń pè é náà nìyẹn, mà."

"Òun ṣí i wò kó tó pè é. Gbogbo yín, ẹ pè é bó ṣe pè é."

Wọ́n pè é. Kàkà kí inú mi dùn, ṣe ló ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu, kó gbé mi mì. Ọ̀rọ̀ tí mo fi bo àbùkù mi lórí ni gbogbo ẹnu ń pè yìí. Ìyá rí ojú mi, wọ́n sì rí ti bàbá mi.

"Èmi nìkan lobìnrin ní kíláàsì wa nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ yìí," ni wọ́n sọ fún bàbá mi, ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Tí mo bá nawọ́, olùkọ́ á fò mí, á pe ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Ìtìjú yẹn ò tíì kúrò lára mi. Mo kàn ń gbé e ṣiṣẹ́ ni."

Bàbá mi dé fìlà wọn. Wọ́n ṣíwájú mi títí a fi délé, wọn ò bojú wẹ̀yìn. Lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n tó sọ̀rọ̀: "Lọ fọ yunifọ́ọ̀mù ẹ."

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ tí a sin Ìyá, wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa wọn. "Màmá" ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ó há. Ẹni tó di makirofóònù mú fún mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ sọ sí mi létí. Etí mi ń gbóná, mo sì ń wo ilẹ̀ bí bàbá mi ṣe wò ó níjọ́sí. Ọkùnrin kan na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn. Ọmọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà ọjọ́sí ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, òun ló kan pósí Ìyá.

"Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ni," ló wí. "Ẹ dúró dè é."

Wọ́n dúró. Mo tún gba ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹni tí ò sí níbí," ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn ni mò ń pa fáwọn ọmọ ní Ẹgbẹ́dá báyìí. Tí mo bá dákẹ́ láàárín gbólóhùn, wọ́n á sún mọ́ mi, wọ́n rò pé mò ń fi dídákẹ́ náà mú ìtàn dùn ni. Ọ̀rọ̀ ló há. Ojú ṣì ń tì mí. Mo kàn ń gbé e ṣiṣẹ́ ni.