Ọmọ Tí A Gbé Lọ sí Ọ̀fà Nínú Òjò

Òórùn ìgbẹ́ àdán lókè àjà ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí mo bá ronú kan ilé ìwòsàn abúlé tó wà lẹ́yìn Òjòkú yẹn. Ìlú òyìnbó ni mo ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá mi, ṣùgbọ́n àlejò ni mo jẹ́ níbẹ̀ nígbà tí àjọ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ rán mi wá fún ọdún kan, kí n máa bẹ àwọn ilé ìwòsàn abúlé wò. Mo ra bàtà òjò pupa àti fìlà oòrùn fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, bí ẹni tó ń lọ wo erin nínú igbó. Bí mo bá ń kọjá n'Íjàgbò, àwọn ọlọ́kadà á ní, "Mummy òyìnbó dé o!" Èmi rò pé mo wá gba ènìyàn là ni.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, èmi àti awakọ̀ wa bá ìyá ọ̀dọ́ kan lórí bẹ́ǹṣì ní ilé ìwòsàn ẹ̀yìn Òjòkú yẹn. Gìrì ti gbé ọmọbìnrin ọwọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tí wọ́n ní ti fi omi nu ara ọmọ náà títí, kò sí abẹ́rẹ́ tó lè gún un. Oògùn ti tán tipẹ́. Mo ní ká gbé e sínú mọ́tò wa, ó di ilé ìwòsàn ńlá l'Ọ́fà. Ni ìyá ọkọ obìnrin náà, tó jókòó tì í, bá dìde, ó dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ ò ní gbé e lọ. Bàbá rẹ̀ wà lóko, ẹ jẹ́ kó dé."

"Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ọmọ yìí ò lè dúró."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ṣe wí. Òkú ni wọ́n gbé padà wá bá mi."

 Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìyá ọmọ dìde. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó bọ́ sínú òjò, ó wọ mọ́tò.

Mọ́tò rì sẹ́rẹ̀ kí a tó dé títì, a tì í títí ó fi jáde. Obìnrin náà ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ sí i létí, kò sinmi.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ l'Ọ́fà, ọmọ yè. Nígbà tí a dá wọn padà, ìyá àgbà gbà á, ó fi imú kan ọrùn rẹ̀, ó sunkún. Bàbá ọmọ dúró ti ògiri, ó kí wa dáadáa, kò kí ìyàwó rẹ̀. Ìyá àgbà wá yíjú sí mi.

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti lọ, mọ́tò ta ni yóò gbé ti ọ̀la?"

Mo ní àjọ wa máa wá nǹkan ṣe sí i. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ọdún mi pé, mo padà sókè òkun, wọ́n sì gbé mọ́tò náà lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn.

Láìpẹ́ yìí, mo pe nọ́ọ̀sì yẹn lórí fóònù. Ó ti kó lọ sí Ìlọrin. Ó ní wọ́n ti ti ilé ìwòsàn náà pa. Mo béèrè ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun ò gbúròó wọn mọ́. Ó yẹ kí ọmọ náà ti wọ ilé ìwé báyìí, kó ti máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà nítorí bírò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń gbà á ládùúrà.