Ẹni Tí Iná Òkè Bá Mú

Ilé mi ní Agbonou kò jìnnà sí ibi tí wáyà iná ńlá gbà kọjá. Orí òpó irin gàgàrà ni wọ́n ta á sí láti ìsédò Nangbéto, níbi tí wọ́n ti sé omi odò láti fi pèsè iná. Bí ìrì bá sẹ̀ dáadáa, wáyà náà máa ń kùn bí oyin. Ẹni tó bá ní alábàárò nínú ilé kò ní fura sí i. Èmi ń gbọ́ ọ ketekete.

Olùkọ́ físíìkì ni mí, ní lísè kan, ilé ẹ̀kọ́ girama, ní Atakpamé. Lọ́dọọdún ni mo ń sọ ìtàn iná mànàmáná fún àwọn ọmọ tí ọkàn wọn wà lọ́dọ̀ fóònù. Orí àrá ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí pé ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà wọ́n. Màá fi gègé oníke gbo irun orí mi, màá gbé e sún mọ́ bébà wẹ́wẹ́, bébà á fò mọ́ ọn. Màá ní ohun tó gbé bébà yìí náà ló wà nínú ìkùukùu, ó kàn pọ̀ níbẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà màá sọ ti àwọn tó fi okùn àti irin fa mànàmáná wá sílẹ̀ kí wọ́n lè mọ ohun tó jẹ́, tí àwọn mìíràn sì bá a lọ. Màá sọ bí wọ́n ṣe rí i pé irin òòfà tó bá ń yí láàárín wáyà á mú iná jáde, bí omi ṣe ń yí i fún wa ní Nangbéto. Àti bí wọ́n ṣe ń gbé agbára iná náà ga kí ó tó rin ìrìn àjò, nítorí bí kò bá ga, púpọ̀ rẹ̀ á ti ṣòfò lójú ọ̀nà. Màá dé orí ẹ̀rọ tí dókítà fi ń wo egungun wa láì la ara. Orí átọ́ọ̀mù ni mo ń parí rẹ̀ sí: wọ́n fọ́ ohun tó kéré bẹ́ẹ̀ nínú irin wúwo kan, ooru rẹ̀ se omi, èéfín omi náà sì tún yí irin òòfà. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ á ti rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní gbogbo wàhálà yẹn, omi gbígbóná náà ló já sí.

Ọkọ mi wà lára àwọn tó ń tọ́jú wáyà ńlá náà. Iṣẹ́ tiwọn ni láti gé igi tó bá fẹ́ sún mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Àìkú, bí a bá ti gba Mísà tán, ó máa ń fi alùpùpù gbé mi lọ sí Kamina, níbi tí àwọn Jámánì kọ́ ilé tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ìlú wọn láìlo wáyà, tí àwọn fúnra wọn sì wó o nígbà ogun kí ó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ó fẹ́ràn kí ó máa yẹ àwókù ibẹ̀ wò. Bí ọ̀rọ̀ iná bá délẹ̀, á ní, "Ìwọ mọ̀ ọ́n lẹ́nu, èmi mọ̀ ọ́n lọ́wọ́." A kò bímọ. Síbẹ̀ ilé wa kò dákẹ́ nígbà náà.

Àbúrò bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà ní abúlé kan lẹ́yìn Agbonou. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é; òun ni olórí ẹbí, ìdílé tó ń bọ àrá sì ni wọ́n. Nílé tiwọn, ẹni tí iná òkè bá mú, a kì í sunkún rẹ̀. Àwọn tó ń bọ àrá ni yóò gbé òkú náà lọ. Ìyàwó kò ní wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí i kú ọ̀fọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá sunkún ń bá òkè jà, iná náà yóò sì padà wá sínú ilé kan náà.

Ọdún kan wà tí àrá sán lu irókò oko wọn. Bàbá bi mí léèrè ohun tí ìwé wí sí i; kì í ṣe irú àgbà tó ń bá ìwé bínú. Mo gbo gègé mọ́ irun, mo fi gbé bébà. Mo sọ fún un pé iná inú wáyà ọmọ rẹ̀ àti iná òkè, ọ̀kan náà ni. Inú rẹ̀ dùn kọjá ààlà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún gbogbo abúlé pé ìyàwó àwọn ní ohun tí àwọn ń bọ kì í ṣe irọ́, pé ìjọba gan-an ń tà á.

Ẹyin lohùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, ọkọ mi ń gé ẹ̀ka igi kan. Ẹ̀ka tútù náà yẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wáyà, kò kàn án. Iná gíga kì í dúró dìgbà tí a bá kàn án. Ó fò la afẹ́fẹ́ kọjá, ó gba ara ẹ̀ka, ó gba ara ọkọ mi wọlẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ó tàn yòò, ó sì dún.

Ẹbí pé jọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọn kan ní ikú iṣẹ́ ni, ká gbé e fún Fádà, ká sunkún rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ó tàn, ó fò, ó dún, kí ló tún kù? Bàbá dá wọn lẹ́kun. Ó yíjú sí mi.

"Ìyàwó wa, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Kuràn tó mú ọmọ wa àti iná òkè, ṣé ọ̀kan náà ni, àbí ọ̀tọ̀ ni? Bí o bá ní ọ̀tọ̀ ni, àá sunkún rẹ̀."

Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń fẹ́ kí n ní ọ̀tọ̀ ni.

"Bàbá, ọ̀kan náà ni."

Olóríkunkun ni mí, wọ́n ti ń sọ ọ́ láti kékeré. Bí mo bá ní ọ̀tọ̀ ni, ta ni yóò já mi nírọ́ níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ohun tí mo ti ń fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò lè sẹ́ ẹ níwájú òkú ọkọ mi, ẹni tó ti fi ara rẹ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni.

Àwọn tó ń bọ àrá gbé e lọ. Mo padà sí Agbonou, ẹnikẹ́ni kò kí mi kú ọ̀fọ̀. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ wá, ẹbí ní kí wọ́n má wá. Mo ti ṣèlérí fún Bàbá pé n kò ní sunkún, mo sì mú un ṣẹ. Nígbà tó pẹ́, mo ní kí n sunkún rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ó ṣe tán, ta ni yóò mọ̀? Mo jókòó sórí ibùsùn, mo ń retí omijé. Kò wá. Ìyẹn ló wá jẹ́ kí n mọ bí mo ṣe dá wà tó. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo ń sọ ti àrá, ti Nangbéto, ti átọ́ọ̀mù, àwọn ọmọ sì ń rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti máa ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó kọjá, Bàbá kú. Ogbó ló mú un, orí ẹní rẹ̀ ló kú sí. Mo gun ọ̀kadà lọ sí abúlé, mo bá àwọn obìnrin nínú ẹkún ní àgbàlá. Mo kúnlẹ̀, mo rò pé kí n kàn ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é. Igbe tó jáde lẹ́nu mi ba èmi gan-an lẹ́rù. Mo sunkún títí ohùn mi fi há. Mo ń gbọ́ tí àwọn obìnrin ń wí láàárín ara wọn pé ìyàwó yìí mà fẹ́ràn Bàbá o. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́.

Opó Bàbá, ìyá arúgbó tó pọn ọkọ mi dàgbà, sún mọ́ mi lórí ẹní. Mo rò pé yóò ní kí n mú un mọ́ra. Ó fẹnu sún mọ́ etí mi.

"Máa sunkún ọkọ rẹ lọ, ìyàwó mi. Èmi náà kò tíì rí àyè sunkún ọmọ mi."

Ó gbé orí lé mi léjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀.