Bàbá Jẹ́-Ó-Tutù

Bí ẹ bá dé Sabon Tasha tí ẹ ní ẹ ń wá Matthias mẹkáníìkì, wọ́n lè máa wò yín bí àlejò. Àmọ́ bí ẹ bá ní Bàbá Jẹ́-Ó-Tutù, kódà ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ rí yóò nawọ́ sọ́nà fún yín. Àwọn oníbàárà rẹ̀ tó jẹ́ Hausa ń pè é ní Baba Bari Ya Huce, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi wá orúkọ náà.

Ọkọ̀ onítọ́bò ni iṣẹ́ rẹ̀. Tọ́bò, fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ni ẹ̀rọ kékeré tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń yí, tí òun náà wá ń ti afẹ́fẹ́ padà sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ó máa ń gbóná débi pé yóò pọ́n bí ẹyin iná. Bí èèyàn bá sáré dé tó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀ yóò jóná mọ́ ọn lára, tọ́bò yóò sì bàjẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá dé gbọ́dọ̀ jókòó, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa mí jẹ́jẹ́ fúngbà díẹ̀ kó tó pa á. Matthias kò fi èyí ṣeré rárá. Ó ti bá pásítọ̀ rẹ̀ jà lórí rẹ̀ rí nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ Ìsinmi, tòun ti Bíbélì lábíyá.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ó tutù! Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣé ẹ̀yin ò kà á fún wa lórí pẹpẹ ni?"

Ẹni àkọ́kọ́ tó kọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí ni Badrudeen, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n Nasarawa ní Kaduna níbí ni wọ́n bí àwọn sí, nínú ilé kan náà. Matthias ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, Badrudeen ń kírun, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè yàrá tí wọ́n ti se ìrẹsì Kérésì tàbí tí wọ́n ti dín ẹran Iléyá. Nígbà tí Badrudeen bẹ̀rẹ̀ sí í ta táyà tí ọwọ́ rẹ̀ sì ròkè, ó ra Pijó 505 onítọ́bò kan, pupa fòò. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn méjèèjì á fi sáré títí dé Zaria, wọn ò ní nǹkan kan tí wọ́n fẹ́ rà níbẹ̀.

Ọdún 2000 ni ìlú dàrú, tí Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí kọjú ìjà síra wọn. Ẹni tó gbé Kaduna nígbà náà kò ní kí wọ́n tún un sọ fóun. Badrudeen mú ìyàwó rẹ̀, Hassanat, ó sá kọjá odò lọ sí apá àríwá, níbi tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí, ó sì fi ọkọ̀ sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan gbé bẹntiróòlù wá láti sun ún. Matthias dúró níwájú ọkọ̀, ó na apá méjèèjì, ó ní tòun ni, kí wọ́n kọ́kọ́ sun òun. Wọ́n bú u, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Badrudeen kò padà sí Nasarawa mọ́. Barakallahu ló kọ́lé sí, Matthias náà sì kó lọ sí Sabon Tasha, odò wá wà láàárín wọn. Nígbà tí ìlú rọlẹ̀, Badrudeen wá wo ọkọ̀, ó fọwọ́ pa á lórí, kò gbé e.

"Jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ rẹ," ló wí. "Orí ara rẹ lo fi rà á padà. Lọ́jọ́ tí o bá gbé tọ́bò ńlá sí i, bí a ṣe máa ń sọ, ìwọ fúnra rẹ wá fi gbé mi lọ sí Zaria, kí n gbọ́ bó ṣe ń súfèé."

Matthias ní bí iṣẹ́ bá ti dilẹ̀. Iṣẹ́ kò dilẹ̀. Ọkọ̀ oníbàárà ń wọlé, ọkọ̀ oníbàárà ń jáde, Pijó wà lábẹ́ tapólì nídìí ògiri, òun àti Badrudeen sì ń hewú. Bá a bá ní ọ̀rẹ́ tó dára, a máa ń rò pé kò níbi tó ń lọ.

Lọ́yẹ́ ọdún kan ni Hassanat pè é lórí fóònù. Kíndìnrín ọkọ rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ọsibítù sì ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Matthias mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó fi fóònù sápò, ó lọ ká tapólì kúrò lórí Pijó, kò sì fọwọ́ kan ọkọ̀ ẹlòmíràn mọ́.

Ọjà Pàǹtẹ́kà ló ti rí tọ́bò ńlá, tòkunbọ̀ tó ṣì le. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ńlá bá ń fẹ́ máa ń gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná kò sì wúlò tó fún ẹ́ńjìnnì. Íntákúlà ló ń tù ú kó tó wọlé, òun ló jọ rẹdiétọ̀ tí wọ́n gbé síwájú ọkọ̀. Ti Pijó kéré jù. Matthias yọ ti ọkọ̀ akẹ́rù kan, ó ní kí wọ́n gé e, kí wọ́n fi iná jó o pọ̀ kó lè bá imú Pijó mu. Ó tẹ páìpù tuntun, ó ṣe ọ̀nà ọ́ìlì tuntun, ó sì wá bí bẹntiróòlù tó ń wọlé yóò ṣe pọ̀ sí i. Ní ìrọ̀lẹ́, Badrudeen á pè.

"Ṣé ó ti ń súfèé?"

"Kò tíì."

"Má kánjú o. Jẹ́ ó tutù." Yóò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á sì di ikọ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Matthias fi omi ọṣẹ pa ojú ibi tí wọ́n ti jó íntákúlà. Ọṣẹ hó. Afẹ́fẹ́ ń jò níbẹ̀.

Moróunkẹ́, ìyàwó rẹ̀, dúró tì í. "Bàbá Tèmidire, ṣé ó máa gbé yín dé Barakallahu bẹ́ẹ̀?"

"Ó máa gbé mi dé."

"Kí lẹ wá ń dúró dè? Ọkọ̀ ni ọkùnrin yẹn fẹ́ rí ni, àbí ẹ̀yin?"

"Badrudeen máa gbọ́ ọ pé ó ń jò," ni Matthias dáhùn. Ó tú u, ó gbé e padà fún ẹni tó jó o. Ìyẹn tún gba ọjọ́ mélòó kan lọ́wọ́ wọn.

Òwúrọ̀ Sátidé ló jáde. Ó rọra wakọ̀ la ìlú kọjá. Nígbà tó ré Káwò kọjá tí ọ̀nà sì là, ó tẹná. Pijó fò síwájú, tọ́bò sì fọhùn, súfèé gbọọrọ tó mọ́ gaara, kò jò níbì kankan. Matthias pariwo nínú ọkọ̀ lóun nìkan. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó dúró lẹ́nu géètì Badrudeen, ó tẹ fèrè, ó sì jókòó. Ẹ́ńjìnnì ń mí jẹ́jẹ́. Ó rí i tí kọ́tìnì yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣí díẹ̀, ó juwọ́ sí i. Ó ń ro ohun tó máa kọ́kọ́ sọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan nípa àwọn arúgbó tó ń sáré lọ sí Zaria. Nígbà tó dá a lójú pé ó ti tutù, ó pa á, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Hassanat ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ó ti lọ, ẹ̀gbọ́n."

"Ìgbà wo?"

"Báyìí báyìí. Ó gbọ́ yín. Ó ní kí n gbé òun jókòó, kí n ká kọ́tìnì. Mo ní kí n sáré wá pè yín, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, 'Fi í sílẹ̀, ó ń jẹ́ kó tutù ni.' Ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo gbọ́ tí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, mo bojú wò ó, ó ti lọ."

Matthias wọlé, ó jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ náà mú. Ó kórìíra ọkọ̀ yẹn. Ó kórìíra ẹ̀kọ́ tó fi ń gbéra ga láti ìgbà èwe. Wọ́n sìnkú kí ilẹ̀ tó ṣú, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn, òun náà sì bá wọn bu yẹ̀pẹ̀.

Moróunkẹ́ ń ṣa ẹ̀wà ní Sabon Tasha nígbà tó gbọ́ súfèé náà láti títì, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkọ̀ wọ inú ọgbà, ó dúró, ẹ́ńjìnnì sì kú lójú ẹsẹ̀. Láti ìgbà tó ti fẹ́ Matthias, kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Awo ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó sì ti ń sunkún kí ọkọ rẹ̀ tó ṣílẹ̀kùn.